Tápù Ẹ̀yìn Fíríìjì

Ogójì ọdún gbáko ni Bàbá Yìnyín fi tún fíríìjì onífíríìjì ṣe, tiwọn kò sì kọṣẹ́ rí, àfi ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí à ń wí yìí. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe yìnyín nínú fírísà ṣàdédé dákẹ́. Kò pariwo, kò jò, kò rùn. Ó kàn dákẹ́ bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ tí kò fẹ́ kí àlejò gbọ́. Nígbà tí yóò fi di àárọ̀ Sátidé, abọ́ yìnyín ti ṣófo pátápátá.

Lójú ẹlòmíràn, kí ni yìnyín jẹ́? Ẹni tí kò bá rí yìnyín, kó mu omi lásán kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé yẹn ni ọmọ wọn obìnrin ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, Nọ́ọ̀sì náà ni gbogbo ilé sì ń pè é. Láti kékeré ló ti máa ń run yìnyín lẹ́nu wómúwómú, kì í tíì kí ènìyàn tán kó tó ṣí fírísà. Bó bá ṣí i lónìí tó bá abọ́ lófìfo, yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni Tíṣà kò fẹ́ kó béèrè.

Tíṣà ni ìyàwó Bàbá Yìnyín. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ kì í fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló mọ bí iyè ọkọ rẹ̀ ṣe ń ra tó. Nọ́ọ̀sì mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ó mọ̀ nípa gáàsì tí bàbá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láìtaná sí i, ó sì mọ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n jáde lọ ra búrẹ́dì, tó jẹ́ pé ẹni tó ń pín lẹ́tà ló fà wọ́n lọ́wọ́ padà wálé. Lẹ́yìn ti búrẹ́dì yẹn ló gba ìwé wá láti ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n ti ń mójú tó àwọn àgbà tí iyè wọn ń ra.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́," Tíṣà wí fún un lọ́jọ́ náà. "Èmi wà ńbí. Èmi ni màá máa ṣe ojú fún wọn."

"Mo gbọ́, Mọ́mì. Torí pé orí tiyín pé ni mo ṣe máa gbà," Nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. "Àmọ́ tí nǹkan kan bá tún ṣẹlẹ̀, ẹyọ kan péré, Dádì ń lọ nìyẹn."

Àná ló tún pè lórí fóònù. Ibùsùn kan ti ṣófo nílé ìtọ́jú náà, wọ́n sì ń retí èsì di ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun wo ilé. Bí ohun gbogbo bá wà létòlétò, òun yóò ní kí wọ́n fi ibùsùn náà fún ẹlòmíràn. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìwé náà ń bẹ nínú báàgì òun. Láti ìgbà náà ni oorun ti di ohun àwátì lójú Tíṣà.

Nígbà tí aago méjìlá ọ̀sán fi lù, Bàbá Yìnyín ti wọ aṣọ iṣẹ́ wọn àtijọ́, èyí tí àpò rẹ̀ pọ̀ ju bọ́tìnnì rẹ̀ lọ. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú fíríìjì, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, sukudiráífà lọ́wọ́ kejì. Wọn ò tíì tú nǹkan kan. Wọ́n kọ́kọ́ yíjú sí ìyàwó wọn.

"Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi gbogbo oníbàárà kí wọ́n tó ṣí báàgì. Wọ́n máa ń sọ pé fíríìjì kì í purọ́, olówó rẹ̀ ló ń purọ́. Wọ́n ti rí obìnrin tó ní òun ò ṣe nǹkan kan fún fírísà òun, tí ojú ihò ọ̀bẹ tó fi yọ yìnyín sì ń wo òun àti wọn láti ara ògiri fírísà. Wọ́n ti rí ọkùnrin tó búra, tí omi sì ń jò lábẹ́ ìbúra rẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án," Tíṣà fèsì. "Ṣebí èmi àti ẹ̀yin nìkan la wà ńlé."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló kábàámọ̀ ìdajì tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò fura, tàbí bóyá wọ́n fura tí wọ́n gbé e mì.

"Ó dáa. Gbọ́ mi, Tíṣà. Ẹ̀rọ yìnyín ò le, àwọn tó ń tún un ṣe ló ń sọ ọ́ di líle. Nǹkan mẹ́ta péré ló ń béèrè: òtútù, omi, àti àṣẹ. Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù."

Wọ́n ki ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù bọ àárín ẹran tó dì, wọ́n dúró, wọ́n kà á. Méjìdínlógún sísàlẹ̀ òdo. Òtútù pé. Wọ́n wo àṣẹ, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Bí yìnyín bá kún abọ́, yóò ti irin yìí sókè, ẹ̀rọ yóò sì sinmi; bí irin bá wà nísàlẹ̀, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ ni. Irin wà nísàlẹ̀. Ó wá ku omi. Wọ́n fi ìka kan inú àwo kékeré tí omi máa ń dì sí. Àwo náà gbẹ táútáú.

"Omi ni," ni wọ́n wí, inú wọn sì dùn. "Omi ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ká máa tọpasẹ̀ omi lọ títí a ó fi bá ẹni tó dá a dúró."

Tíṣà wo ọwọ́ wọn, ó sì jọ ọ́ lójú. Ọwọ́ náà kò gbàgbé nǹkan kan. Orí ló ń gbàgbé. Wọ́n rẹ aṣọ ìnura sínú omi gbígbóná, wọ́n fi wé ẹnu páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń da omi sínú àwo, bóyá yìnyín ló dí i. Yìnyín kọ́. Wọ́n yọ asẹ́ tó ń sẹ́ ìdọ̀tí inú omi, wọ́n gbé e síwájú iná, wọ́n sì yí i léraléra.

"Asẹ́ yìí mà mọ́ o. Tuntun ni. Ìgbà wo la pààrọ̀ ẹ̀?"

Tíṣà kò mọ̀. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ asẹ́ nínú ilé náà. Ó ń wá ibi tí yóò gbé ojú sí.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú pe ẹlòmíì," ni ó wí. "Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀."

"Ẹlòmíì wo? Àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí fíríìjì, wọ́n á ní kí o lọ ra tuntun? Di ìhà ọ̀hún mú, ká fà á síta."

Wọ́n fà á síta, àwọn méjèèjì, pẹ̀lú igbe ẹ̀yìn dídùn lọ́tùn-ún lósì. Fíríìjì náà ga, àlàfo ẹ̀yìn rẹ̀ sì há. Láti ibi tí Tíṣà dúró sí, òkùnkùn ló bo ara ògiri, kò rí tápù kékeré tó ń jẹ́ kí omi wọ páìpù. Bàbá Yìnyín lo sukudiráífà, wọ́n tú ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n ka ìdè onírin mẹ́jọ tó dè é sínú ọpọ́n tíì, wọ́n sì fi tẹ́sítà kan wáyà ẹ̀rọ ìṣíomi, ibi tí iná ti ń ṣí ọ̀nà fún omi.

"Bàbá, ṣé ẹ ti wo tápù ara ògiri?"

"Tápù? Ohun tí mo kọ́kọ́ wò nìyẹn láàárọ̀. Ó ṣí gbayawu."

Láàárọ̀, fíríìjì ṣì fẹ̀yìn ti ògiri. Kò sí ojú tó lè rí tápù náà. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń gbé pẹ̀lú irú nǹkan báyìí mọ̀ pé bí o bá já wọn nírọ́, ìbínú ni yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìbínú ìtìjú, lẹ́yìn ìtìjú ìdákẹ́jẹ́ tó lè tó ọjọ́ méjì. Kò sí àyè fún ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ méjì. Aago kan ààbọ̀ ti lù.

Bàbá Yìnyín dìde, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n yí padà sí iwájú fíríìjì. Wọ́n wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òtútù."

Tíṣà na ohun ìwọn-òtútù sí wọn. Méjìdínlógún sísàlẹ̀ òdo. Irin wà nísàlẹ̀. Àwo gbẹ. Aṣọ ìnura, omi gbígbóná, asẹ́. "Asẹ́ yìí mà mọ́ o. Tuntun ni." Nígbà tí wọ́n tún padà dé ẹ̀yìn tí wọ́n rí ìdérí nílẹ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn, ohùn wọn sì le.

"Ta ló tú ẹ̀yìn yìí kalẹ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Èmi?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí ènìyàn fi ń ra àkókò. "Èmi kẹ̀. Mo mọ̀. Mo kàn ń dán ọ wò ni."

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ní àfi kí àwọn lọ wá ẹ̀rọ ìṣíomi mìíràn nínú yàrá irinṣẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé lẹ́yìn wọn báyìí, Tíṣà gbá tọ́ọ̀ṣì mú. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún ó lé méjì, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa fún ara rẹ̀ mọ́ àárín fíríìjì àti ògiri, ṣùgbọ́n ohun tí à ń wá kọjá iyì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó tan iná sísàlẹ̀.

Tápù náà wà ní títì pa. Téèpù búlúù sì wà ní ọrùn rẹ̀, tí wọ́n wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ padà kó lè rọrùn láti ṣí.

Tíṣà mọ téèpù náà. Ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, òfin ni. Ohunkóhun tí o bá tì, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ iná, wé téèpù búlúù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí i, kí ẹlòmíràn má baà ṣí i lé ọ lórí. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Nọ́ọ̀sì pàápàá, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún bàbá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, bó bá rí téèpù yìí lẹ́ẹ̀kan, kò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Lẹ́tà ọkọ rẹ̀ tó máa ń dà sápá ọ̀tún wà lára rẹ̀: "Ọjọ́bọ̀. Mò ń pààrọ̀ asẹ́."

Ó wá yé e. Ọjọ́bọ̀ ni òun lọ gba oògùn ojú. Wọ́n dá nìkan fa fíríìjì yẹn síta, wọ́n ti omi pa bó ṣe yẹ kí oníṣẹ́ gidi ṣe, wọ́n pààrọ̀ asẹ́ láìsí àbùkù, wọ́n ti fíríìjì padà, wọ́n sì gbàgbé omi. Kì í ṣe omi nìkan ni wọ́n gbàgbé. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún látòkè délẹ̀ ti parẹ́ mọ́ wọn lórí.

Bí ó bá jẹ́ pé ó jókòó rò ó ni, bóyá ì bá ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó fi èékánná já téèpù náà, ó rún un sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó yí tápù. Omi sáré wọ inú páìpù. Nígbà tí ilẹ̀kùn fi ṣí, ó ti jáde, ó ń gbọn eruku kúrò léjìká.

Bàbá Yìnyín gbé ọwọ́ sókè. "Mo ti rí i."

Àgádágodo kan ló wà lọ́wọ́ wọn, ògbólógbòó, tó ti dípẹtà. Wọ́n wò ó. Tíṣà náà wò ó. Wọ́n ki í bọ àpò.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i ná," Tíṣà wí, ó ń fi agbára mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà kùn, ó yí, ó dúró. Lẹ́yìn náà ni omi dún ṣììì, ó sì kún inú àwo kékeré náà títí dé etí. Àwọn méjèèjì dúró síwájú fírísà tó ṣí sílẹ̀, òtútù ń fẹ́ sí wọn lójú.

"Tápù ni," Bàbá Yìnyín wí jẹ́jẹ́. "Ẹnì kan ti tápù, ẹnì kan ṣí i. Tíṣà, ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Èmi ni." Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. "Èmi ni mo tì í ní Ọjọ́bọ̀. Mò ń nu ilẹ̀, mo rí omi díẹ̀, mo rò pé ó ń jò. Mo tì í, mo sì gbàgbé. Ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn fírísà mú, tí omi sì lé ròrò sójú wọn.

"O ò rí i bí o ṣe fẹ́ẹ́ pa mí! Látàárọ̀ lẹ̀rù ti ń bà mí, Tíṣà. Mo rò pé èmi ni. Mò ń sọ fún ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni, ó ti tán nìyẹn."

Wọ́n gbá a mọ́ra níbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ wọn ń rùn bí òróró ẹ̀rọ. Tíṣà fi orí lé wọn láyà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ojú tì í.

Wọn ò tíì tú kúrò lára ara wọn nígbà tí bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà dún. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ò dúró de aago mẹ́rin. Fíríìjì ṣì wà láàárín ilé ìdáná, ìdérí rẹ̀ nílẹ̀, ìdè mẹ́jọ nínú ọpọ́n tíì, omi aṣọ ìnura kálẹ̀ káàkiri.

"Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ káàsán, Mọ́mì. Kí ló dé tí fíríìjì wà lójú agbo báyìí?" Ó ti ń na ọwọ́ sí fírísà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ṣí abọ́. "Yìnyín dà?"

"Bi ìyá ẹ!" Bàbá Yìnyín gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó gba ipò kìíní. "Bi ìyá ẹ léèrè o! Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ti omi pa tó sì gbàgbé. Odidi Tíṣà! Ẹ ní èmi ni mò ń gbàgbé, àbí?"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, àwọn ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Nọ́ọ̀sì. Ó pa fírísà dé, ó wo ìyá rẹ̀, ojú tó sì fi wò ó kì í ṣe ojú ọmọ. Ojú tó fi ń wo àwọn ènìyàn níbi iṣẹ́ ni.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó ní pálọ̀."

Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ pẹ̀lú ìdè wọn. Nọ́ọ̀sì jókòó súnmọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé báàgì sórí itan, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe dé ẹ̀yìn fíríìjì yẹn láti tì í? Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fà á ni?"

"Mo... mo fà á díẹ̀."

"Pẹ̀lú ẹ̀yìn yín yẹn? Ẹ sì gbàgbé pé ẹ fà á?" Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Láti ìgbà wo ni irú ẹ̀ ti ń ṣe yín? Ẹ má bínú sí mi o. Kí lòní?"

Tíṣà sọ ọjọ́, ó sọ oṣù, ó sọ ọdún.

"Ẹ yọ méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ máa yọ ọ́ lọ."

"Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún." Odidi olùkọ́ ìṣirò! "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ yìí? Orí mi pé."

"Bí Dádì náà ṣe máa ń sọ nìyẹn." Omi ti ń lé sójú Nọ́ọ̀sì. "Mọ́mì, ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ máa ṣe ojú fún wọn. Tí ẹ̀yin náà bá ti ń ti nǹkan tí ẹ ń gbàgbé, ta ló ń ṣọ́ gáàsì ńnú ilé yìí? Mi ò lè fi ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀ ńbí. Dádì máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin máa wá sọ́dọ̀ mi. A ó ti ilé yìí."

Ìgbà náà ni Tíṣà rí gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tirẹ̀ kò tíì pé wákàtí kan. Orí rẹ̀ tó pé ni òpó kan ṣoṣo tó gbé ilé náà dúró, òpó yẹn ló sì gé láti fi dáná fún ọkọ rẹ̀ yá. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ìka rẹ̀ bá téèpù tó rún. Bó bá yọ ọ́, a dá òun láre, ọkọ òun a sì lọ. Bí kò bá yọ ọ́, ọkọ òun a lọ, òun náà a sì lọ. Kò sí èyí tí ọkọ òun ò ní lọ níbẹ̀. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò jáde. Bí ẹni tí wọ́n dè ló jókòó, ó ń wo ẹnu ọmọ rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ nípa yàrá tí òun yóò máa sùn.

"Fi ìyá ẹ sílẹ̀."

Bàbá Yìnyín ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ìka tó tẹ̀lé e, wọ́n ń ya á, wọ́n ń pa á dé, bí ẹni tí nǹkan lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

"Mo fẹ́ rí i bóyá tápù yẹn ṣí dé òpin kí n tó ti fíríìjì padà," ni wọ́n wí. "Gọ́ọ̀mù téèpù wà lọ́rùn ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tútù." Wọ́n na ọwọ́ sí ìyàwó wọn. "Mú téèpù mi wá, Tíṣà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Mú un wá."

Ó yọ ọ́ jáde. Wọ́n tẹ́ ẹ sára ògiri, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ títí ó fi tọ́, wọ́n sì kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí lẹ́tà tó ti ọ̀nà jíjìn wá. "Ọjọ́bọ̀. Mò ń pààrọ̀ asẹ́." Wọ́n tún un kà.

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́," ni wọ́n wí. "Mi ò rántí. Mò ń wò ó yìí, mi ò rántí rárá."

Nọ́ọ̀sì ti dìde. Ó wo téèpù náà, ó wo ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn bàbá rẹ," Tíṣà wí.

"Orí ìyá ẹ pé," Bàbá Yìnyín wí. "Kí wọ́n má fi orí tó pé bo orí tí ò pé, méjèèjì ni yóò bà jẹ́. Ìyá ẹ ò kúrò ńnú ilé yìí, ṣó o gbọ́ mi? Ilé rẹ̀ ni. Mú ìwé ọ̀hún wá kí n fọwọ́ sí i nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí mò ń fọwọ́ sí."

"Dádì, kò pọn dandan kó jẹ́ òní..."

"Lọ́la mo lè ti gbàgbé pé mo gbà. Màá bá ọ jà. Mú un wá."

Nọ́ọ̀sì ṣí báàgì. Ó ní ó dá òun lójú pé ibẹ̀ dára, ó ní àwọn á máa wá lójoojúmọ́, ó ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá rẹ̀ jókòó, wọ́n gbé ìwé sórí tábìlì, wọ́n kọ orúkọ wọn tán láìṣìṣe, wọ́n sì fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe máa ń fọwọ́ sí rìsíìtì. Ó wá ku àyè kékeré tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n ní kí wọ́n kọ ọjọ́ òní sí.

Bíírò dúró. Bàbá Yìnyín gbé ojú sókè, wọ́n wo Tíṣà. Láti ọdún kan sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín ènìyàn, òun náà a sì rọra yọ́ ọ sí wọn létí, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀. Nọ́ọ̀sì ń wo àwọn méjèèjì. Tíṣà kò yọ́ nǹkan kan sọ. Ó sọ ọ́ sókè ketekete, bó ṣe máa ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ ilé-ìwé pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá. Ó fi ọdún kún un.

Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n dé bíírò, wọ́n ti ìwé náà sọ́dọ̀ ọmọ wọn.

"Ní ibi tí mò ń lọ yìí," ni wọ́n bi í, láìsí ìbínú kankan, "ta ni yóò máa sọ ọjọ́ fún mi?"

Nọ́ọ̀sì mọ ìdáhùn sí ọ̀pọ̀ ìbéèrè, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó mú ìwé náà, ó fẹ́ ká a padà sínú báàgì, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ẹkún ni ó ń sun.